Richard D'Oyly Carte

Richard D'Oyly Carte (ọjọ́ 3 oṣù Èbìbí, ọdún 1844 – ọjọ́ 3 oṣù Igbe, ọdún 1901) jẹ́ agbátẹrù eré orí ìtàgé, aṣojú àwọn olórin, olùpilẹ̀ orin àti oníṣòwò ilé ìtura ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó mú òǹkọ̀wé eré W. S. Gilbert àti olùpilẹ̀ orin Arthur Sullivan ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ni ó sì kọ́ ilé eré Savoy sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1881. Savoy ni ilé àkọ́kọ́ lágbàáyé, nínú àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, tí a fi iná mànàmáná tàn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní òpin ọdún yẹn, Carte dúró lórí ìtàgé níwájú àwọn òǹwòran, ó sì fọ́ gílóòbù tí ó ń tàn lọ́wọ́, kí wọn lè fi ojú ara wọn rí i pé kò ní dá iná sílẹ̀. Nítorí ìdánwò yìí ni orúkọ rẹ̀ fi wọ ìtàn àtùpà orí ìtàgé àti ààbò àwọn tí ń jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ìbí àti ìgbà èwe

Òpópónà Greek ní àdúgbò Soho, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni a bí Carte sí. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Richard Carte, jẹ́ afọnfèrè, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ Rudall, Carte, tí ń ṣe fèrè àti àwọn ohun èlò orin mìíràn. Ìyá rẹ̀, Eliza Jones, jẹ́ ọmọ àlùfáà.

Carte kàwé ní University College School, ó sì wọ yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ní ọdún 1861 ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ó ti ń ṣòwò ni ó ń kọ orin. Ó pilẹ̀ àwọn eré olórin kéékèèké bíi mélòó kan, ó sì gbé wọn jáde. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ọgbọ́n ìṣètò àti òwò tí ó ní ju ẹ̀bùn orin rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣojú, ó ń bá àwọn akọrin àti àwọn olùkọ́ni wá ibi tí wọn yóò ti ṣe eré, ó sì ń ṣètò ìrìn àjò wọn. Gbajúmọ̀ akọrin Adelina Patti àti olùpilẹ̀ orin Charles Gounod wà lára àwọn tí ó ṣojú fún.

Ìpàdé pẹ̀lú Gilbert àti Sullivan

Ní ọdún 1875, Carte ni alákòóso ilé eré Royalty ní Soho. Eré olórin kan tí Jacques Offenbach pilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó sì kúrú jù láti gba gbogbo alẹ́. Carte ní kí Gilbert kọ eré kékeré kan kún un, kí Sullivan sì fi orin sí i. Èyí ni ó bí Trial by Jury, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ràn rẹ̀ ju eré tí a torí rẹ̀ kọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí, Carte kó àwọn olówó kan jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Comedy Opera Company sílẹ̀, wọ́n sì gba ilé eré Opera Comique. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe The Sorcerer ní ọdún 1877 àti H.M.S. Pinafore ní ọdún 1878. Ilé eré yìí wà lẹ́bàá òpópónà Strand, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, inú ihò gígùn kan ni àwọn òǹwòran sì ń gbà wọlé. Iná gáàsì ni wọ́n fi ń tan ibẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ojú ọ̀nà tóóró yẹn náà ni gbogbo ènìyàn yóò gbà sá jáde.

Ìjà owó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Carte àti àwọn olówó tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ, ọdún 1879, àwọn olówó náà rán àwọn ènìyàn wá láti kó àwọn ohun èlò orí ìtàgé lọ nígbà tí eré Pinafore ń lọ lọ́wọ́. Àwọn òṣèré àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé lé wọn padà. Láti ìgbà náà ni Carte, Gilbert àti Sullivan ti di alájọṣe mẹ́ta tí ń pín èrè ní ọgbọọgba, Carte sì pinnu láti ní ilé eré tirẹ̀, tí ẹnìkan kò ní lè lé e kúrò nínú rẹ̀.

Ewu iná ní ilé eré ìgbà náà

Kí a tó lè mọ ìdí tí Carte fi ya owó ńlá sọ́tọ̀ fún iná mànàmáná, ó yẹ kí a mọ ohun tí iná ń ṣe ní ilé eré ní ọ̀rúndún yẹn. Ní ọdún kan náà tí a bí Carte, iná àtùpà orí ìtàgé ran aṣọ oníjó ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Clara Webster, ní ilé eré Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1844 ni. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kú. Ní ọdún 1862, iná gáàsì ran aṣọ Emma Livry, ọ̀dọ́mọbìnrin oníjó ọmọ ogún ọdún, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò eré ní ìlú Párísì. Ó jẹ̀rora fún oṣù mẹ́jọ kí ó tó kú.

Àtùpà gáàsì orí ìtàgé kò ní gílóòbù tí ó bo iná rẹ̀ pátápátá. Wọ́n a máa to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu iná sórí páìpù gígùn, wọn a sì fi páìpù náà kọ́ sókè láàárín àwọn aṣọ aláwòrán tí a fi ń ṣe ẹ̀yìn ìtàgé. Wọ́n a tún to òmíràn sí etí ìtàgé, nítòsí ẹsẹ̀ àwọn òṣèré. Aṣọ gbígbẹ, okùn, pákó àti ọ̀dà ni ó yí iná wọ̀nyí ká. Wáyà tí a hun bí àwọ̀n ni wọ́n fi ń dí wọn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ òṣìṣẹ́ gáàsì sì ni láti tàn wọ́n, láti nu ẹnu wọn, láti rí i pé kò sí èyí tí ń jò, àti láti pa wọ́n nígbà tí eré bá parí. Bí ó bá gbàgbé ẹyọ kan ṣoṣo, gáàsì yóò máa tú jáde láìsí ẹni tí ó mọ̀. Yorùbá ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n orí òrùlé gan-an ni iná wà ní gbogbo ilé eré ìgbà náà, àwọn ènìyàn sì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní alaalẹ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1876, iná gáàsì ran aṣọ aláwòrán kan ní ilé eré kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà. Kò dín ní 278 ènìyàn tí ó kú. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1881, gáàsì bú gbàmù ní ilé eré olórin ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kíkọ́ ilé eré Savoy

Ní ọdún 1880, Carte ra ilẹ̀ kan láàárín òpópónà Strand àti odò Thames, níbi tí ààfin Savoy wà ní àtijọ́. Ayàwòrán ilé tí ó gbé iṣẹ́ náà fún ni C. J. Phipps, ẹni tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ilé eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé náà gba òǹwòran 1,292. Carte ṣètò pé kí a má máa gba owó ìwé ètò eré, kí a má máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ kó aṣọ òtútù wọn pamọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ má sì gba ẹ̀bùn owó. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí a ṣí ilé náà ni ó mú àwọn tí ń ra ìjókòó olówó pọ́ọ́kú máa tò ní ọwọ̀ọ̀wọ́ kí wọn tó wọlé, dípò kí wọn máa ti ara wọn.

Ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀ jù ni iná. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Joseph Swan, ọmọ ìlú Sunderland, ti ṣe gílóòbù kan tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí fọ́nrán káábọ́ọ̀nù tín-ín-rín sì ń tàn nínú rẹ̀. Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú gílóòbù náà, fọ́nrán rẹ̀ lè gbóná títí yóò fi tàn yanran láìjó tán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì nílò láti fara kan ohunkóhun níta. Carte yan gílóòbù Swan, ilé iṣẹ́ Siemens sì bá a ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tí yóò gbé e. Nǹkan bí 1,200 gílóòbù ni wọ́n fi sí inú ilé náà. Orí ilẹ̀ gbalasa kan nítòsí ilé eré ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí, agbára omi gbígbóná ni ó sì ń yí i.

Nínú ìwé tí Carte kọ fún àwọn òǹwòran kí a tó ṣí ilé náà, ó ṣàlàyé pé ooru àti afẹ́fẹ́ burúkú ni ohun tí ó ń ba adùn ilé eré jẹ́, nítorí pé ẹnu iná gáàsì kọ̀ọ̀kan a máa lo afẹ́fẹ́ tí ó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti mí. Ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé iná tuntun náà kò lè kùnà. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé páìpù gáàsì wà nínú ilé náà síbẹ̀, àti pé ẹnu iná kékeré kan ní àárín òrùlé yóò máa jó ní gbogbo ìgbà, kí ó lè ṣeé ṣe láti tan gáàsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí iná mànàmáná bá kú lójijì.

Ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1881 ni a ṣí Savoy pẹ̀lú eré Patience, tí a kó wá láti Opera Comique. Ní alẹ́ náà, ibi tí àwọn òǹwòran jókòó sí nìkan ni iná mànàmáná tàn sí. Ẹ̀rọ náà kò tíì lágbára tó láti gbé ti orí ìtàgé mọ́ ọn, nítorí náà iná gáàsì ni wọ́n fi ń ṣeré fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá àkọ́kọ́.

Ìdánwò ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1881

Bí wọ́n ti ń ṣètò ìyókù iná náà lọ́wọ́ ni ìròyìn burúkú dé láti ìlú Vienna. Ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé eré Ring, ohun èlò tí wọ́n fi ń tan àtùpà gáàsì orí ìtàgé kò ṣiṣẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Gáàsì tú jáde, ó sì kó jọ. Nígbà tí wọ́n tún un tàn, iná bú, ó sì ran àwọn aṣọ tí ó wà lókè. Wọ́n pa gáàsì, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn, nítorí pé àwọn àtùpà elépo tí a pèsè fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò tàn. Inú òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kú sí. Ìjọba ka òkú 384.

Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ, iná mànàmáná tan orí ìtàgé Savoy fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀sán ni wọ́n ṣe eré náà. Carte jáde síwájú àwọn òǹwòran, ó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iná tuntun náà, ó sì mú gílóòbù kan tí ó ń tàn. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, irú aṣọ tí iná máa ń tètè ràn lára àwọn oníjó, ó sì fi òòlù fọ́ ọ. Gílóòbù náà fọ́, iná inú rẹ̀ kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó na aṣọ náà sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i: kò jó, kò sì yípadà. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́.

Ìtumọ̀ ohun tí wọ́n rí kò ṣòro. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú gílóòbù tí ó fọ́, fọ́nrán káábọ́ọ̀nù tí ó gbóná náà yóò jó tán lójú ẹsẹ̀, yóò sì já. Nígbà tí ó bá já, iná kò rí ọ̀nà gbà kọjá mọ́. Gílóòbù náà fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ara rẹ̀. Ẹnu iná gáàsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; bí ohun tí ó bò ó bá fọ́, ṣe ni yóò máa jó lọ.

Ọ̀nà tí Carte gbà ṣe é ni ó mú kí ìdánwò náà lágbára. Ó lè ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ jẹ́rìí sí i nínú ìwé ìròyìn, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dán an wò lójú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu, ó sì lo ohun tí ó ti pa àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e

Iná mànàmáná yí iṣẹ́ orí ìtàgé padà ní Savoy. Àwọn tí ń darí iná lè dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí kí wọ́n fi kún un láti ojú kan ṣoṣo. Nínú eré Iolanthe, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ 25 oṣù Bélú, ọdún 1882, àwọn olórí iwin inú eré náà dé gílóòbù kéékèèké sórí, wọ́n sì gbé bátìrì rẹ̀ sára. Bí a bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Clara Webster àti Emma Livry, a ó mọ̀ pé ohun ńlá ni kí oníjó lè gbé iná sára jó, kí ó sì délé ní àlàáfíà.

The Mikado, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1885, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn eré náà. Ìgbà 672 ni wọ́n ṣe é tẹ̀léra. Carte tún ń rán àwọn ẹgbẹ́ òṣèré káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, òun ni ó sì ṣètò ìrìn àjò ìkẹ́kọ̀ọ́ tí òǹkọ̀wé Oscar Wilde ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1882.

Kì í ṣe gbogbo ilé eré ni ó tẹ̀lé àpẹẹrẹ Savoy kíákíá, nítorí owó rẹ̀ pọ̀. Ní ìlú Exeter, Phipps, ayàwòrán kan náà tí ó kọ́ Savoy, kọ́ ilé eré tuntun kan tí ó ń lo iná gáàsì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 1887, iná gáàsì ran aṣọ lókè ìtàgé níbẹ̀, ènìyàn 186 sì kú. Iye yìí ni ó pọ̀ jù nínú ìtàn iná ilé eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1889, Carte ṣí ilé ìtura Savoy sí ẹ̀gbẹ́ ilé eré rẹ̀, ó sì fi iná mànàmáná àti ẹ̀rọ agbénigòkè sí i. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìjà dé. Gilbert bínú pé Carte ka owó kápẹ́ẹ̀tì tuntun tí a tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé eré mọ́ ìnáwó tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń san. Sullivan gbè sẹ́yìn Carte, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́. Wọ́n parí ìjà nígbà tí ó yá, wọ́n sì tún ṣe eré méjì pọ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ wọn kò padà sí bí ó ti wà. Ilé eré olórin ńlá mìíràn tí Carte kọ́, tí ó ṣí ní ọdún 1891 pẹ̀lú eré Ivanhoe tí Sullivan pilẹ̀, kò pa owó, ó sì ní láti tà á.

Ìdílé àti ikú

Carte fẹ́ Blanche Prowse ní ọdún 1870. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, Lucas àti Rupert, kí Blanche tó kú ní ọdún 1885. Ní ọdún 1888, ó fẹ́ Helen Lenoir, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún 1877. Helen ni ó ń bójú tó ìwé àdéhùn, ìnáwó àti ìrìn àjò àwọn ẹgbẹ́ òṣèré, ó sì mọ iṣẹ́ náà bí ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ara Carte kò le mọ́ ní àwọn ọdún ìkẹyìn ayé rẹ̀. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe, ọdún 1901, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Fairlight ní Sussex ni wọ́n sin ín sí. Helen ń darí iṣẹ́ náà lọ títí ó fi kú ní ọdún 1913, Rupert sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré tí ó ń jẹ́ orúkọ Carte kò dákẹ́ iṣẹ́ títí di ọdún 1982.

Ohun tí ìdánwò náà kò kárí

Ìdánwò tí Carte ṣe fi hàn pé gílóòbù Swan kan kò jó aṣọ kan. Kò fi hàn pé gbogbo iná mànàmáná ni kò léwu, kò sì fi hàn pé ohun tí kò léwu lónìí kò ní léwu lọ́la. Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹ̀rí èyí dé. Ilé eré Iroquois ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní oṣù Bélú, ọdún 1903, àwọn tí ó ni ín sì ń polówó rẹ̀ pé iná kò lè jó o. Ní ọ̀sán ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, ẹta iná láti ara àtùpà mànàmáná ńlá kan ran aṣọ ìkélé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀. Àtùpà yìí kò dà bí ti Swan. Iná tí ń fò láti orí ọ̀pá káábọ́ọ̀nù kan sí èkejì ni ó ń mú un tàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ aṣọ ìkélé ààbò kalẹ̀ láti ya iná sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn òǹwòran, ó há sí ara ohun èlò iná kan tí ó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Ènìyàn 602 ni ó kú, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Irú aṣọ tí ó ye òòlù Carte ní Savoy ni ó gbaná ní Iroquois. Àtùpà yàtọ̀, ìtọ́jú yàtọ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aṣọ ìkélé ààbò lè sọ̀ kalẹ̀ láìkọlu ohun èlò iná. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ hàn sí àwọn òṣìṣẹ́ orí ìtàgé pé ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, bí ó ti wù kí ó dára tó.

Ìtọ́jú àtùpà ìtàgé lóde òní

Iṣẹ́ tí Carte ṣe níwájú òǹwòran ti di iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé tí ẹnìkan kì í rí. Ní ilé eré tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n a máa sọ àtùpà kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lóòrèkóòrè. Wọ́n a kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná, wọn a sì jẹ́ kí ó tutù. Lẹ́yìn náà wọ́n a gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, wọn a nu dígí rẹ̀ títí yóò fi mọ́ kedere, wọn a sì wò ó bóyá ó ti sán. Eruku kì í dín ìmọ́lẹ̀ kù nìkan. A máa dí ojú ihò tí ooru ń gbà jáde, ó sì lè jóná lára ohun gbígbóná. A kì í fi ọwọ́ lásán mú gílóòbù hálójìn, nítorí òróró ara ìka tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn a máa mú kí ojú ibẹ̀ gbóná ju ìyókù lọ, gílóòbù náà sì lè bú.

Lẹ́yìn ìnù ni àyẹ̀wò. Wọ́n a yẹ wáyà wò, pàápàá níbi tí ó ti wọ inú àtùpà, nítorí ibẹ̀ ni ooru ti máa ń mú kí rọ́bà rẹ̀ gan, kí ó sì là. Wọ́n a fi ẹ̀rọ wò ó bóyá wáyà ilẹ̀ so dáadáa mọ́ ara irin àtùpà, àti bóyá iná kò jò sí ara irin náà. Wọ́n a di àwọn ìdè rẹ̀ le, wọn a sì rí i pé okùn irin ààbò tí ó ń dì í mú lókè kò tíì gé, kí àtùpà má baà já lu ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Èyí tí ó bá yege, wọ́n a kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sí i lára àti sínú ìwé; èyí tí kò bá yege, wọ́n a yà á sọ́tọ̀ títí a ó fi tún un ṣe. Àwọn àtùpà LED tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí kò gbóná bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n fáànù kékeré inú ọ̀pọ̀ wọn a máa fa eruku, àyẹ̀wò wáyà àti okùn ààbò wọn kò sì yàtọ̀.

Ní ibi bíi Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ gíga wà láàárín ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Eruku ọ̀nà àti ti ọyẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó bo àtùpà tí a fi kọ́ sókè. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ àti pípààrọ̀ láti ìjọba sí ẹ̀rọ amúnáwá a máa ni wáyà àti ohun èlò lára. Aṣọ ọ̀ṣọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà nígbà ìgbéyàwó kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí Carte fi wé gílóòbù rẹ̀.

Ilé eré Savoy lẹ́yìn Carte

Rupert, ọmọ Carte, tún inú ilé eré Savoy kọ́ ní ọdún 1929. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlè, ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe sí i, iná jó inú rẹ̀ gbẹ. Kò sí òǹwòran nínú ilé náà ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n tún un kọ́ bí ó ti wà ní ọdún 1929, ó sì ṣí padà ní ọdún 1993. Wọ́n ṣì ń ṣe eré níbẹ̀ títí di òní, lábẹ́ àtùpà tí a gbọ́dọ̀ máa nù, kí a sì máa dán wò.